Ta Ni Kí Ó Sọ Fún Ọmọ Rẹ?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ta ló ṣàlàyé fún yín bí a ṣe ń lóyún? Díẹ̀ nínú wa ló lè dáhùn pé ìyá òun tàbí bàbá òun ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá kan sá kúrò ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìtọ̀. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ṣílẹ̀kùn, ẹkún ló ń sun, ó ní òun fẹ́ kú, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òun. Nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ilé onígbàgbọ́ la ti bí i. Ó mọ orúkọ àwọn àpọ́sítélì méjèèjìlá lórí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún un pé ara rẹ̀ yóò yí padà. Ìyá rẹ̀ ní òun rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún un. Olùkọ́ ní òun rò pé ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ti sọ fún un rí ni èyí: “Bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn ọ́, oyún ni!” Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yìí. Irọ́ ni, nínú ilé tí a ti ń na ọmọ nítorí irọ́! Ẹ wo iṣẹ́ tí irọ́ yìí ń ṣe. Ọmọkùnrin kan á fọwọ́ kan ọmọ náà ní kíláàsì, ẹ̀rù á bà á fún oṣù kan. Nígbà tí kò bá rí oyún, á mọ̀ pé ìyá òun tan òun ni. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan péré kì í di oyún, ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni yóò gbà gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan péré tó. Ẹyin obìnrin máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Nǹkan bí ọjọ́ kan péré ni ẹyin náà ń lò, ṣùgbọ́n àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Ọmọbìnrin tilẹ̀ lè lóyún kí ó tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ẹyin lè ti jáde kí ẹ̀jẹ̀ tó dé. Ta ló ń sọ èyí fún àwọn ọmọ wa?

Ní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí a máa kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní girama kékeré. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, Adamu Adamu, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré, pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òbí àti àwọn ẹlẹ́sìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́. Ó dáa. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́, ta ló ṣe iṣẹ́ náà? A gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, a sì ká ọwọ́ gbera.

Ẹ ó ní ẹ̀kọ́ yìí yóò la ọmọ lójú. Ẹ dákun, ojú wọn ti là! Fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn ń fi ìṣe hàn wọ́n, kì í fi àbájáde rẹ̀ hàn. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí àjọ UNESCO tún gbé jáde ní ọdún 2018 sọ ọ́ kedere pé irú ẹ̀kọ́ yìí kì í mú kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀.

Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yẹ létí ọmọdé. Ẹ ṣí Léfítíkù orí 15, níbi tí òfin ti sọ̀rọ̀ nípa àtọ̀ ọkùnrin àti nǹkan oṣù obìnrin láìfi bò. Kí ẹ wá ka Jóṣúà 8:35, kí ẹ rí i pé Jóṣúà ka gbogbo òfin Mósè, kò fo ọ̀kan, níwájú àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ṣé àwa wá mọ́ ju Jóṣúà lọ ni?

Ìdákẹ́jẹ́ wa ní ẹni tó ń jèrè rẹ̀. Ìwádìí tí àjọ ètò ìkànìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF ní ọdún 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin, àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá, ló ti fojú winá ìwà ipá ìbálòpọ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ọmọ tí kò mọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ròyìn ohun tí wọ́n fi í ṣe? Oníṣẹ́ ibi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ aládùúgbò, ẹ̀gbọ́n, tàbí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Nítorí náà, ẹ kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀, kí ó mọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ nípa nǹkan oṣù, nítorí ó lè dé kí ọmọ tó pé mẹ́wàá. Ẹ ṣàlàyé oyún fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí ọmọkùnrin náà mọ̀ pé àtọ̀ bàbá ló ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni ọmọ yóò jẹ́, kí ó má baà dàgbà di ẹni tó ń lé ìyàwó jáde nítorí pé obìnrin nìkan ló ń bí. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ẹ fi òtítọ́ tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, kí ẹ pe nọ́ọ̀sì tó wà nínú ìjọ wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níṣojú òbí wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín pé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè wọ́n. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, ẹ pe ọmọ yín jókòó.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.