Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Mi Lo Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Ilé-Ìwé Láti Ilé

Olùkọ́ ni màmá mi. Ní sáà tó kọjá, ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n fi òru mẹ́ta tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé wa bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Wọn kò tà á, wọn kò sì fi han ẹnikẹ́ni. Inú fláàṣì ni wọ́n gbé e sí lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé ní oríta, ẹ̀dà kan sì ṣẹ́kù sórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ilé-ìwé fagi lé ìdánwò náà. Màmá mi ló gba kúẹ́rì.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wà ní ọ́fíìsì ilé-ìwé wọn, ó sì wà lórí nẹ́tíwọ̀kì. Àwọn olùkọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n so kọ̀ǹpútà ilé àwọn mọ́ ọn. Èsì tí wọ́n gbà ni pé olè yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀yin òbí, ṣé fláàṣì tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ni olè kò lè rí?

Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí, mo mọ̀. Ní 2018, ẹnì kan fi ìpolówó ránṣẹ́ sí nǹkan bí 50,000 ẹ̀rọ ìtẹ̀wé káàkiri àgbáyé, nítorí pé wọ́n ṣí pọ́ọ̀tù 9100 wọn sílẹ̀ gbayawu sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà yóò bá a jà. VPN ni mo ń sọ. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ilé yóò sì máa ṣe bí ẹni pé inú ọ́fíìsì ló wà.

Àbúrò bàbá mi ṣe é báyìí fún ọ́fíìsì wọn, mo jókòó tì wọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n á so VPN tán, wọ́n á ní kí Windows wá ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Kì í sábà rí i. Àdírẹ́sì IP rẹ̀, irú bíi 192.168.20.50, ni ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ sí i, kí ẹ sì fi dráíbà rẹ̀ sí i. Kí ẹni tó ń tọ́jú rútà ti so àdírẹ́sì yẹn mọ́ ẹ̀rọ náà, kí ó má baà yí padà.

Olùkọ́ kan bi mí pé, ta ni yóò ṣọ́ ìwé ìdánwò tó ń jáde nígbà tí ẹni tó rán an ṣì wà nílé? Ìbéèrè yìí dára ju ti olè lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì lè fi iṣẹ́ pamọ́ sínú títí ẹni tó ni ín yóò fi dé ibẹ̀ tẹ PIN. Bí kò bá sí iná ńkọ́? Kò ní ṣiṣẹ́, mo gbà. Ṣé iná ń wà ní oríta lójoojúmọ́ ni?

Ìdánwò sáà yìí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá mi ti ń tẹ ìbéèrè lọ́wọ́, fláàṣì yẹn náà ló sì tún wà lórí tábìlì.