Okocha ń jó nínú fóònù, Yekini ńkọ́?

Ẹ gbọ́ ná. Lọ́jọ́ kan, a ń wo bọ́ọ̀lù n'Ìkàrẹ́, iná lọ. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa ti yọ fóònù. Ọmọ àbúrò màmá mi, ọmọ ọdún 15 tó wá láti Ọ̀kà, na tiẹ̀ sí mi: "Bọ̀dá, ẹ wo Jay-Jay!"

Góòlù tí Okocha gbá fún Eintracht Frankfurt ní 1993 ni, níbi tó ti ń yí Oliver Kahn àtàwọn tó ń ṣọ́ ilé Karlsruhe síhìn-ín sọ́hùn-ún kó tó gbá a wọlé. Ọdún 2008 ni Okocha fẹ̀yìn tì, wọn ò tíì bí ọmọ yìí. Mo bi í pé, "Yekini ńkọ́?" Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Rashidi Yekini ló kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà ní ife àgbáyé, ní 1994, nígbà tá a na Bulgaria 3-0. Góòlù 37 ló gbá fún wa. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí CAF fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà, ní 1993. Okocha ò gba àmì ẹ̀yẹ yẹn rí.

Kí ló wá fà á? Ní 2006, Salganik, Dodds àti Watts gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó orin 48 táwọn èèyàn ò mọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn tó lé ní 14,000 sì gbọ́ wọn. Àwọn kan ò rí ohun tẹ́lòmíì mú. Wọ́n pín àwọn yòókù sọ́nà mẹ́jọ, wọ́n sì ń rí iye èèyàn tó ti mú orin kọ̀ọ̀kan lọ́nà tiwọn. Orin tó gbayì lọ́nà kan lè má gbayì lọ́nà kejì. Níbi tí wọ́n ti ń rí ohun tẹ́lòmíì mú, ìyàtọ̀ àárín olókìkí àti aláìlókìkí wá fẹ̀ sí i. Bí owó ṣe ń pe owó, bẹ́ẹ̀ ni èrò ń pe èrò.

Fóònù wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣọ́ fídíò tá a wò parí àtèyí tá a tún wò, á wá gbé irú ẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ tí Okocha ń dá wọ inú fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Iṣẹ́ Yekini, ká mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa já sí ká sì ti dé'bẹ̀, gba ká wo ìdíje pẹ́.

Mi ò sọ pé òkìkí Okocha ò tọ́ sí i o. Ó tọ́ sí i dáadáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé iye èèyàn tó wo fídíò kì í ṣe òṣùwọ̀n ẹni tó dáa. Tá a bá ń jẹ ohun tí fóònù bá gbé síwájú wa nìkan, òun láá máa yan àwọn tá a máa rántí.

Torí náà, ẹ máa fọwọ́ yín wá nǹkan. Ẹ bi àwọn bàbá tó gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wá góòlù Yekini fún àbúrò mi. Ó rí i bó ṣe ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó ń ké. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ tún un gbé."