Ta Ló Wà Nínú Ilé Yín?
Ẹ̀yin ará wa, nílé wa lẹ́bàá Harrow Manorway, kí n tó sùn, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo sì máa ń ka àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ohun tó wà lórí Wi-Fi?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ nmap -sn 192.168.1.0/24 sórí kọ̀ǹpútà. Ó wo àdírẹ́sì 256, mọ́kànlá dáhùn. Mẹ́wàá ni mo mọ̀. Ìkọkànlá ni kámẹ́rà tí a fi ń ṣọ́ àbíkẹ́yìn wa nígbà tó wà ní jòjòló. A ti gbàgbé rẹ̀; password tí wọ́n tà á mọ́ ló ṣì wà lórí rẹ̀! Ojú ẹsẹ̀ ni mo yọ ọ́.

Irú password bẹ́ẹ̀ ni Mirai fi wọ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ní 2016. Òfin ìlú yìí ti kà á léèwọ̀ fún ọjà tuntun láti April 2024, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ṣì wà nílé wa. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Ẹ má sọ pé ti àwọn ọmọ ni kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni nmap láti 1997. Ilé tiyín nìkan ni kí ẹ kà o: òfin 1990 lòdì sí wíwọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ.

Ó dàárọ̀ o.