Omi Àgbàlá Ẹni Kì Í Ṣe Ẹrù Aládùúgbò

Ẹ wo àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Èkó àti Ìbàdàn. Láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ẹ̀ ti di intalọ́ọ̀kì àbí kọ́ńkéré. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ tó ń fa omi mu tẹ́lẹ̀ ti wọ abẹ́ sìmẹ́ńtì. Níbo la wá fẹ́ kí omi òjò gbà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí àgbàlá bá jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 10 lóròó, tí òjò tó rọ̀ sì tó mílímítà 50, lítà omi 5,000 ló bọ́ síbẹ̀. Táńkì oní-lítà 1,000 márùn-ún nìyẹn, a ò tíì ka ti orí òrùlé. Bí omi yìí ò bá ní ọ̀nà tirẹ̀, á wọ yàrá, tàbí kó ya sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló yẹ kó wà dábùú ẹnu géètì, kí wọ́n fi irin oníhò tó lágbára bò ó, kí mọ́tò lè gba orí ẹ̀ kọjá. Ìdí gọ́tà náà gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ lọ síbi tí omi ń já sí, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 1 ní mítà 1. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á dúró síbẹ̀, ẹ̀fọn á sì máa yé sí i. Irin náà gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí, torí iyanrìn àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á wọbẹ̀ dandan. Pàtàkì jù lọ, inú gọ́tà àdúgbò ni kó já sí, kì í ṣe ara fẹ́ńsì ẹlòmíì. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Wọn ò ní ká dà á sí ojúlé aládùúgbò o.

Tó bá kan gọ́tà, àwọn lánlọ́ọ̀dù kan á ní owó ti tán. Ṣebí owó ò tán nígbà tí wọ́n ń ra géètì olówó gọbọi! Àwọn mìíì tiẹ̀ da kọ́ńkéré bo gọ́tà ìjọba níwájú ilé wọn pátápátá, débi pé kò sẹ́ni tó lè kó ẹrẹ̀ inú ẹ̀ mọ́. Ìbàdàn ti rí ibi tí irú ìwà yìí ń já sí. Nígbà tí odò Ògùnpa kún lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá a lọ. Ìdọ̀tí tó dí odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára ohun tó fà á.

Gọ́tà nìkan ò tó ṣá o. Ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún koríko, kó lè máa fa omi mu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wá ilé, ẹ yéé wo POP òkè àjà nìkan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí omi ń gbà. Bí ejẹ́ńtì bá ní ibẹ̀ kì í kún, ẹ wo ìdí fẹ́ńsì dáadáa. Ojú ibi tí omi dé kì í parọ́.