Ẹni Tí Yóò Sin Ẹja Àrọ̀ Nínú Ilé

Ní ayé àtijọ́, bí a bá rí ẹja àrọ̀ nínú ilé, kì í ju èyí tí a ká, tí a ti ìrù rẹ̀ bọ ẹnu, tí a sì yan gbẹ, tàbí èyí tí ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Odò ni èyí tí ó wà láàyè ń gbé, apẹja ni ó sì mọ ìwà rẹ̀. Lóde òní, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àrọ̀ ń gbé nínú táńkì lẹ́yìnkùlé. Òmíràn sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àpótí dígí ní yàrá àlejò. Ohun rere ni èyí, nítorí ẹni tí ó bá ń wo ẹ̀dá alààyè lójoojúmọ́ kò ní ṣàì kọ́ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹja wọ̀nyí ni ó ń kú láìtọ́jọ́, ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn tí ó ń sìn wọ́n ń tọ́jú ẹja, wọn kò tọ́jú omi.

Agbára ẹja náà ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Yàtọ̀ sí ẹ̀yà ara tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi, àrọ̀ tún ní òmíràn nínú orí rẹ̀ tí ó fi lè mí afẹ́fẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe ń yọ sójú omi, tí ó sì lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ tí ẹja mìíràn yóò kú sí. Bí ilẹ̀ bá tutù lóru, ó lè fò jáde kí ó sì máa wọ́ lọ; ẹni tí kò bá bo àpótí rẹ̀ lè bá a nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí àwọn kan ti rí èyí, wọn a ní ìdọ̀tí kò lè ṣe àrọ̀ ní nǹkan kan. Àṣìṣe ńlá ni.

Mímí afẹ́fẹ́ kò gba ẹja lọ́wọ́ májèlé. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa jẹrà, wọn a sì di májèlé tí a ń pè ní amóníà. Nínú odò, omi ń ṣàn, ó sì ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n nínú àpótí, ibi tí ẹja ti ń jẹun ni ó ti ń yàgbẹ́. Àwọn ohun alààyè kéékèèké kan wà tí ojú kò lè rí, tí wọn a máa gbé ara òkúta àti iyanrìn inú omi. Àwọn ni wọ́n ń sọ májèlé yìí di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tí ó ra àpótí lónìí, tí ó sì kó ẹja kún un lọ́la, kò dúró dè wọ́n. Ẹni tí ó da gbogbo omi nù, tí ó sì fi ọṣẹ fọ òkúta, ti pa wọ́n run. Díẹ̀ nínú omi ni ó yẹ kí a máa pààrọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ omi ẹ̀rọ tí a fi kílórínì sí, kí a kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ nínú ohun gbalasa di ọjọ́ kejì. Oúnjẹ pẹ̀lú gbọdọ̀ níwọ̀n. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Níbi ìbísí ni ọ̀ràn náà ti le jù. Nígbà òjò, tí odò bá kún bo bèbè, àrọ̀ a máa wọ inú koríko tí omi bò, a yé ẹyin sára rẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Nínú táńkì, odò kò kún. Nítorí náà ni a ṣe ń gún abo ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ẹyin rẹ̀ gbó, tí a ó sì tẹ ikùn rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan kí ẹyin lè jáde. Ní ti akọ, pípa ni a sábà máa ń pa á, kí a tó lè rí àtọ̀ inú rẹ̀ lò. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹyin yóò pa ní ìwọ̀n ọjọ́ kan, ẹyin abo ńlá kan ṣoṣo sì lè ju 20,000 lọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì lè mí afẹ́fẹ́ bí ìyá wọn. Omi mímọ́ nìkan ni ààbò wọn. Bí wọ́n bá sì ń dàgbà, àwọn ńlá a máa gbé àwọn kékeré mì, àfi bí a bá ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn kan yóò ní bí a ti lè mú kí ẹja bí tó, bẹ́ẹ̀ ni èrè yóò ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n àrọ̀ tí ó bá dàgbà tán lè gùn ju mítà 1 lọ. Kí ẹni tí kò ní àyè fún ẹja 20 má ṣe pe 20,000 wá sí ayé. Bí àwọn ọmọ náà bá kú sínú omi ẹlẹ́gbin, lásán ni a pa bàbá wọn. Àwọn mìíràn yóò ní, “Ẹja ni, jíjẹ náà ni a ó jẹ ẹ́.” Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n jíjẹ ni a ń jẹ adìẹ pẹ̀lú, kò sì sí ọmọlúwàbí tí í sé e mọ́ inú èéfín.

Bí ẹja bá kú, kí a má wá ọ̀tá kiri. Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Kí ẹni tí ó fẹ́ sin ẹja kọ́kọ́ pèsè omi, kí ó mú sùúrù títí omi yóò fi tó ẹja gbé, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí tọ́ sí lọ́wọ́.