Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tí À Ń Kó Ránṣẹ́ Sílé: Ìṣẹ́jú Méjì Kò Tó Dán An Wò

 Ọ̀rọ̀ ilé rírà àti owó orí ni a sábà máa ń sọ lórí ojú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé ó ti di òwò láàárín wa, òwò náà sì ti fẹ́ máa bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Bí ó ṣe ń lọ rèé. Tí ooru bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án lọ, àwọn òyìnbó tí ó ní ọkọ̀ ní Lake Lanier àti Lake Allatoona a máa ta ẹ́ńjìnnì tí wọn kò fẹ́ tọ́jú di ọdún tí ń bọ̀. Àwọn ènìyàn wa a lọ rà á, wọn a dì í sínú mọ́tò tí ó ń lọ nínú kọ̀ńténà, ó di Savannah, ó di Èkó, ó di Ìgbòkòdá. A kò rí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Ohun tí a ń bá jà ni bí a ṣe ń rà á. Ẹni tí ó ń tà á yóò so rọ́bà omi mọ́ ọn níwájú ilé rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò bú fún ìṣẹ́jú méjì, àwa yóò ka owó sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì! Ẹni tí ó fẹ́ ra màlúù pàápàá máa ń wo ẹnu rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí ibi tí ẹrù yìí ń lọ. Mọ́tò tí ó bá kú ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, ènìyàn á tì í sí ẹ̀gbẹ́ títì, á dúró de mẹkáníìkì. Láàárín Ìgbòkòdá sí Ayétòrò, kò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú, omi ni yóò máa darí rẹ̀. Ẹja tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà yóò bàjẹ́, aboyún tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn yóò máa rọbí lórí omi, bí ìgbì bá sì gbá ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè dojú dé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé irin àlòkù lásán ni.

Èwo wá ni kí a rà? Ẹ́ńjìnnì tí àwọn ará ilé mọ̀ bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀ ni Yamaha Enduro 40, two-stroke oní-kábúrétọ̀. A kò lè ra irú rẹ̀ ní tuntun ní Amẹ́ríkà níbí. Òfin tí EPA ṣe lórí èéfín ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 1998, ó tún le sí i ní 2010, ó sì lé àwọn two-stroke oní-kábúrétọ̀ kúrò nínú ìsọ̀. Four-stroke ni ó kù, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń bu epo fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n dára, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í mu epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí omi iyọ̀ bá wọ inú wáyà rẹ̀, ta ni yóò tún un ṣe ní Ìgbòkòdá? Evinrude ńkọ́? Láti 1909 ni Ole Evinrude ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀pọ̀ àlòkù ní Georgia, ṣùgbọ́n BRP, ilé iṣẹ́ tí ó ni orúkọ náà, dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2020. Ẹni tí ó bá kó o lọ sílé ń kó wàhálà ẹ̀yà wíwá lọ ni.

Èrò tiwa ni pé kí a ra èyí tí ó ní kábúrétọ̀. A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: epo ti wọ́n. Òótọ́ ni. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, lítà kan tí kò tó náírà 200 fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, two-stroke àtijọ́ sì jẹ́ ọ̀mùtí paraku. Fún ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ kó èrò láti àárọ̀ dalẹ́, four-stroke kékeré tí ó ṣì ní kábúrétọ̀ ni yóò mú èrè wá. Ó wà nínú àlòkù, ó kàn ń fẹ́ sùúrù. Fún apẹja tí ó ń jáde lówùúrọ̀ tí ó ń wọlé lọ́sàn-án, two-stroke ṣì ni, nítorí ó fúyẹ́, ọmọ ọdún 18 sì lè tú u kí ó sì tò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi wá: ṣé òótọ́ ni pé ènìyàn lè sọ 9.9 di 15? Fún àwọn Johnson àti Evinrude tí wọ́n ṣe láti 1974 títí di 1992, òótọ́ ni. Orí ẹ́ńjìnnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Kábúrétọ̀ ni olórí ìyàtọ̀ wọn. Ìdí tí 9.9 fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbí ni pé àwọn adágún kan ní òfin agbára ẹṣin 10, bí irú High Falls lápá gúúsù Atlanta. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ kábúrétọ̀ tán tí ó tún gbé e lọ síbẹ̀ ti rú òfin, ẹ má fi orúkọ ẹgbẹ́ wa sí i. Èyí tí ó ń bí wa nínú ju ìyẹn lọ ni àwọn tí kò pààrọ̀ nǹkan kan, tí wọ́n kàn lẹ ìwé 15 mọ́ ìdérí 9.9, tí wọ́n sì fi ta ará ilé. Olè ni. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ wo nọ́ńbà ara kábúrétọ̀ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kí owó tó jáde.

Nípa dídán an wò, kò le. Àwọn ìsọ̀ ẹ̀yà mọ́tò kan máa ń yáni ní ohun tí a fi ń wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wọn sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe bí nọ́ńbà ṣe ga tó nìkan ni kí ẹ wò. Bí wọ́n ṣe súnmọ́ ara wọn ni. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 110 tí èkejì jẹ́ 105, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Tí èkejì bá jẹ́ 80, ẹ kí ẹni náà pé ó dàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ìdè ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì jíà wà. Bí ohun tí ó jáde bá funfun bí ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Kí ẹ sì ní kí ẹni tí ó ń tà á gbé e sórí adágún fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kò ní kọ̀.

Ìmpẹ́là pọ́ńpù omi, ẹ má wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Rọ́bà kékeré ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, òun sì ni ó ń fa omi tí ó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Tí ó bá pẹ́ ní ìjókòó, abẹ́ rẹ̀ á ká kò, kò ní na mọ́. Ní odò tiwa, iyanrìn ń jẹ ẹ́, ewéko orí omi tí ó wọ Nàìjíríà láti ọ̀nà Badagry ní 1984 sì ń dí ihò tí ó fi ń fa omi. Atukọ̀ gbọ́dọ̀ máa wo omi tín-ín-rín tí ẹ́ńjìnnì ń tọ̀ sẹ́yìn. Bí kò bá tọ̀ mọ́, kí ó pa á kíákíá.

Àtúnṣe wá dé, ibẹ̀ ni owó wa ti ń ṣòfò jù. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ìwọ̀n kan náà: èyí tí ó kúrú jẹ́ ìǹṣì 15, èyí tí ó gùn jẹ́ 20. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí òyìnbó fi ń pẹja nínú adágún máa ń lo kúkúrú. Ìdí ọkọ̀ onígi tiwa ga. Tí ẹ bá gbé kúkúrú kọ́ ọ, propeller yóò máa gba atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké bí ewúrẹ́, ọkọ̀ kò sì ní rìn. Ẹ ní kí àwọn ará ilé wọn ìdí ọkọ̀ náà kí wọ́n fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́. Irin pẹlẹbẹ tí ó wà lókè propeller yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tí ẹsẹ̀ bá kúrú, wọ́n ń ta àfikún ìǹṣì 5.

Propeller fúnra rẹ̀ tún nìyẹn. Èyí tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì náà, fún òyìnbó méjì àti páálí bíà kan ni wọ́n fi yàn án. Nílé, ènìyàn mẹ́wàá pẹ̀lú àpò gààrí ni yóò gbé. Ẹ́ńjìnnì tí ó yẹ kí ó yí ní 4,500 sí 5,500 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí a bá fún un lépo tán yóò máa jà ní 3,800; yóò gbóná, èédú yóò bo pístìn, yóò sì kú kí ọdún tó yí po. Pitch propeller náà ni kí ẹ dín kù: ìǹṣì kan tí ẹ bá dín máa ń fi nǹkan bí 200 kún ìyípo rẹ̀. Àtúnṣe yìí nìkan wúlò ju gbogbo arúmọjẹ tí wọ́n fi ń wá agbára ẹṣin lọ, kò sì ní kí ẹ́ńjìnnì di títú. Ẹ tún wo irin kékeré tí ipata máa ń jẹ dípò ara ẹ́ńjìnnì. Àwọn tí ó wà lórí adágún omi tútù lè jẹ́ ti mànẹ́síọ́ọ̀mù, omi iyọ̀ yóò sì jẹ ẹ́ tán kíákíá. Síńkì tàbí alumíníọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Epo: ọ̀pọ̀ epo tí à ń rà ní Georgia ní ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń fa omi mọ́ra, ó sì ń di gọ́ọ̀mù nínú kábúrétọ̀ tí ó bá pẹ́. Kí ẹ gbẹ gbogbo rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó wọ kọ̀ńténà. Nílé náà kò dájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ó sì ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Kí wọ́n rọ díẹ̀ sínú ìgò tí ó mọ́ gaara kí wọ́n tó da ìyókù sí táǹkì. Omi yóò lọ sílẹ̀. Fún two-stroke tí ó ń lo àpòpọ̀ 50 sí 1, jálá lítà 25 ń fẹ́ ọ́ìlì ìdajì lítà, èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò.

Tí ó bá kú lórí omi, ẹ̀tàn pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń wá a. Bí ó bá ń kú díẹ̀díẹ̀, tí fífún bọ́ọ̀lù rọ́bà sì ń jí i, epo ni kò dé: kí wọ́n wo ihò atẹ́gùn ìdérí táǹkì, lẹ́yìn náà ojú ìsopọ̀ rọ́bà. Bí ó bá kú lójijì bí ẹni pa iná, sípáàkì ni, kí wọ́n sì kọ́kọ́ wo okùn pupa.

Okùn pupa yìí ni ìjà wa tí ó kù. Atukọ̀ ni ó yẹ kí ó so ó mọ́ ọwọ́, kí ẹ́ńjìnnì lè kú bí ó bá ṣubú sómi. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2021, òfin Amẹ́ríkà ti sọ lílò rẹ̀ di dandan fún ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26. Nílé, wọ́n ń fi wáyà dè é pa. Ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀ a máa yí po, propeller rẹ̀ a sì padà wá bá ẹni tí ó wà nínú omi. Mẹkáníìkì tí ó bá ní kí a yọ ọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tí owó wa rà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ́ńjìnnì kankan má wọ kọ̀ńténà láìsí àpótí kékeré tirẹ̀: ìmpẹ́là méjì, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, gásíkẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀, bọ́ọ̀lù rọ́bà kan, píìnì propeller, àti okùn pupa méjì, nítorí ọ̀kan á sọnù.