Ẹ Dárúkọ Ẹni tí Ọlọ́run Rán

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, owó orí wọ inú fóònù àwọn ará ilẹ̀ Benin. Àṣẹ tí ìjọba fọwọ́ sí lóṣù keje ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: fráńkì sẹ́fà 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá fi wọ Facebook, WhatsApp tàbí Twitter. Ariwo sọ. Àwọn ọ̀dọ́ gbé àkọlé #TaxePasMesMo káàkiri, wọ́n fárígá, nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù kan náà, ìjọba Ààrẹ Patrice Talon wọ́gi lé owó náà.

Ẹni tó bá mọ Tchaada, ní abẹ́ Ifangni, kò ní béèrè ìdí tí fráńkì 5 fi dun ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ní Ifangni yìí náà ni ibodè Igolo wà, Ìdíròkò ní ilẹ̀ Nàìjíríà sì ni èèyàn yóò bá ní òdìkejì. Bàbá lè máa gbé ní Tchaada, kí àbúrò rẹ̀ wà ní Ìpókíá, kí ọmọ wà ní Èkó. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn kú ewu, kú oríire, kú àṣẹ̀yìndè. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ìkíni yẹn ló kù fún ọ̀pọ̀ ilé. Wọ́n ṣí àwọn ibodè kan lóṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n Ìdíròkò kò sí nínú wọn. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣí i.

Kí ni wọ́n tún ń fi dátà fóònù ṣe? Ọpẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Status WhatsApp á kún: "Olúwa ṣeun," "Alhamdulillahi," "Ẹ bá mi yọ̀." Ọmọ tuntun ni, tàbí ọ̀kadà tuntun, tàbí ọmọ tó yege nínú ìdánwò BAC. Àwọn kan máa ń yọ ṣùtì sí i pé àṣehàn lásán ni. Ìdájọ́ wọn kò tọ́. Láyé àtijọ́ pàápàá, ọpẹ́ Yorùbá kì í ṣe ohun tí a ń bò mọ́ yàrá. Ẹni tí wọ́n bá ṣe lóore lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá a lẹ́nu ọ̀nà olóore rẹ̀, òun àti ẹbí rẹ̀, wọ́n wá dúpẹ́ àná. Ìgbàgbọ́ náà, ẹnu ló ń gbé e rìn. Ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 ni Samuel Biléhou Joseph Oshoffa dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí kò jìnnà sí Ifangni. Kò sí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ nígbà náà, ká má tíì sọ ti íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1950, àwọn apẹja Ègùn ti gbé ìròyìn ìjọ náà dé Mákòókò ní Èkó.

Nítorí náà, kí ọpẹ́ hàn síta kò burú rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, nígbà tí olórin ẹ̀mí nnì, Nathaniel Bassey, bẹ̀rẹ̀ Hallelujah Challenge lórí Instagram, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń jí láàárín òru láti bá a kọrin fún wákàtí kan. Ẹni tó dá wà nínú yàrá, ẹni tí kò rí ọmọ bí, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn rí ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń yin Ọlọ́run. Ẹ̀rí tún tẹ̀lé ẹ̀rí lábẹ́ àkọlé #Olowogbogboro. Ohun rere ni.

Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ẹ̀rí ti ń pàdánù ènìyàn inú rẹ̀. "Olúwa ṣe é," ó tán. Agbẹ̀bí tí kò fojú ba oorun títí aboyún fi sọ̀ kalẹ̀? A kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn láàjìn, tó ní kí wọ́n má ṣe yọ owó, ńkọ́? Olùkọ́ tó ń dúró kọ́ ọmọ ní ìṣirò lẹ́yìn agogo ìjáde, ńkọ́? Àwọn wọ̀nyí ni Ọlọ́run rán níṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí a bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó rán wọn, tí a fi àwọn ìránṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, a ti jẹ wọ́n ní gbèsè.

Kò sí ẹ̀sìn kan ní agbègbè Ifangni tó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá rí ìwòsàn, ẹyọ kan ló padà wá dúpẹ́. Hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá so ọpẹ́ Ọlọ́run mọ́ ọpẹ́ ènìyàn, débi pé ẹni tó bá fo èyí, ó ti fo tọ̀hún. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló tilẹ̀ ní àpẹẹrẹ tó dára jù. Kí akéwì tàbí onílù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kọ́kọ́ júbà. Á kí Olódùmarè, á kí òrìṣà àti àwọn tó ti lọ, á sì dárúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Bí Status ìdúpẹ́ bá lè kọ́ nǹkan kan lára ìjúbà, ọpẹ́ wa yóò tún nítumọ̀.

Ìwádìí ti fi hàn pé ọpẹ́ ń ṣe ọlọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ láǹfààní. Ní ọdún 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ ohun tó tó márùn-ún tí wọ́n dúpẹ́ fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí àwọn mìíràn máa kọ ohun tó ń bí wọn nínú. Ayé dùn mọ́ àwọn tó kọ ọpẹ́ ju àwọn tó kọ ìbínú lọ.

Ṣùgbọ́n nínú ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọ̀kan wà tí kò yẹ kí a pè ní ìgbàgbọ́ rárá: àdúrà tó ní ìhàlẹ̀ nídìí. "Fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ire yóò fò ọ́ dá." Ẹ̀rù ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àwọn ìyá wa ló sì ń rà á jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà gbòde, WhatsApp sọ ọ́ di òfin pé iṣẹ́ tí wọ́n ti tari láìmọye ìgbà kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ilé iṣẹ́ náà sọ lẹ́yìn náà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ìdá 70 nínú 100 dín kù. Ohun tó kù, ọwọ́ àwọn tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí ló wà. Kí wọ́n pa á rẹ́ bí wọ́n bá ti rí i, kí wọ́n sì ní kí ọlọ́pẹ́ fi ohùn ara rẹ̀ dúpẹ́, ní Yorùbá tàbí ní Ègùn, kí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà lè gbọ́ orúkọ ẹni tó ṣe oore.

Àwòrán ló kù, òun ló sì gba ìṣọ́ra jù. Ẹnìkan fún opó ní gàrí, ó ní kí opó náà gbé àpò sókè, ó ya á, ó kọ "Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run lò mí" sábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ìlú ti mọ̀ pé ebi ń pa obìnrin yẹn. Jésù kìlọ̀ nípa irú èyí nínú Ìwàásù Orí Òkè, Súrà Baqarah sì bá àwọn tó ń fi ìrègún ba sàráà jẹ́ wí. Òfin ilẹ̀ Benin tí wọ́n ń pè ní 2017-20, ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ara ẹni, àjọ APDP ló sì ń mójú tó o. Kí ẹnikẹ́ni tó ya aláìní tàbí aláìsàn ní Tchaada, kí ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè tó gbọ́, kí ó sọ fún un pé gbogbo ayé ni yóò rí i. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, kí wọ́n gbé gàrí náà fún un, kí fóònù wà nínú àpò.